Bóòtù Ẹsẹ̀ Òsì

Sípánà náà yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò gba agbára kankan. Hezekiah dáwọ́ dúró. Bóòtù tó di ẹsẹ̀ òsì ṣọ́ọ̀kì iwájú alùpùpù náà mú nìyẹn, bóòtù tó yẹ kó mú ènìyàn làágùn kó tó tú. Ó gbé sípánà sórí èkejì tó wà lókè rẹ̀. Ìyẹn náà yí bí ìdérí ìgò.

Ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Méjèèjì takú. Ó ní láti fẹsẹ̀ ti táyà kí wọ́n tó gbà fún un.

Diméjì ló ń gun alùpùpù yìí, ó fi ń gbé ẹrù oníbàárà kiri. Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló fi í ṣubú ní Jabi, tí ojúgun rẹ̀ kán. Ó ní bí òun ṣe tẹ búrékì ni ọwọ́ alùpùpù fà sí òsì, tó sì kọ̀ tí kò padà. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Alhaji Jàbárù tó ni alùpùpù náà ní eré àsápajúdé ló ń sá, ó sì ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Alhaji yìí náà ló gbé alùpùpù wá sí ṣọ́ọ̀bù Hezekiah ní Dei-Dei kó lè yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí Hezekiah ló tún ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe kẹ́yìn, nígbà tí ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀.

Ohun tó rú Hezekiah lójú ni ìlà pupa. Bó bá ti de bóòtù tán, ó máa ń fi kútẹ́ẹ̀sì, èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná, fa ìlà kan láti orí bóòtù bọ́ sára irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí gegele ọ̀nà bá tú bóòtù náà, ìlà á pín sí méjì, èyí tó wà lókè á kọjú síbòmíràn. Beatrice, ìyàwó rẹ̀, ló fún un ní ìgò àkọ́kọ́ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, tó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u. Kí Hezekiah tó ki sípánà bọ bóòtù òsì láàárọ̀ yìí, ó ti wo ìlà méjèèjì. Wọ́n gún régé. Kò sí èyí tó yà.

A jẹ́ pé ọ̀nà kọ́ ló tú wọn. Ìṣubú náà kọ́. Òun ló fi àmì sí ohun tí òun kò dè.

Síbẹ̀, ó yọ ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, ó yí wọn lórí gíláàsì fèrèsé àtijọ́ tó fi ń yẹ irin wò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ á gba abẹ́ wọn kọjá. Ti ọ̀tún tẹ̀ díẹ̀. Ti òsì kò tẹ̀, ṣùgbọ́n irin ti ha á lára, ó gùn tó àtàǹpàkò, níbi tí ẹsẹ̀ náà ti yọ̀ gòkè. Bí Diméjì ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni.

Hezekiah ń retí kí àyà òun já. Kò já. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí nǹkan kan ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n sin Beatrice. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n kọrin, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ní Ọlọ́run kì í ṣàṣìṣe, wọ́n bá tiwọn lọ. Lọ́jọ́ kẹta ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń yìn ín pé ọkùnrin ni. Ọjọ́ yẹn ló ṣe alùpùpù Diméjì. Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ náà, kò rí nǹkan kan dì mú. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án, Alhaji Jàbárù yà. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

“Sànnu da aiki, Bàbá,” ló fi Hausa kí i kú iṣẹ́. “Ẹ kú ìrọ́jú o. Kí lẹ rí?”

“Mo ṣì ń wò ó.”

“Kí lẹ tún ń wò? Ẹ̀yin lẹ tún un ṣe, a sì mọ iṣẹ́ yín. Ẹ sáà sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é, kí ọ̀rọ̀ parí. Kai! Àwọn ọmọ yìí, irọ́ ni wọ́n fi ń jẹun.”

Ó wakọ̀ lọ. Hezekiah dúró lójú kan. Bó bá de bóòtù méjèèjì báyìí, tó fa ìlà tuntun, ta ni yóò mọ̀? Alùpùpù mẹ́rìndínlógún ni Jàbárù ní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó ki ẹsẹ̀ òsì padà sáyè rẹ̀. Ó de bóòtù ìsàlẹ̀, ó de ti òkè, ó ṣí ìgò kútẹ́ẹ̀sì. Ojú kò tì í. Ọkàn rẹ̀ kò lù kìkì. Bó ṣe rọrùn tó yẹn ló wá bà á lẹ́rù díẹ̀. Ó dé ìgò náà padà, ó fi kẹrosíìnì fọwọ́, ó wọkọ̀ lọ sí Lokogoma.

Ilé Kíkẹ́olúwa, ẹ̀gbọ́n Diméjì tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Kíkẹ́olúwa ló ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ dákun, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. He should just accept it, kó lọ bẹ Alhaji.”

Diméjì wà lórí àga gígùn, P.O.P. tí wọ́n fi dì í lẹ́sẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde.

“Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Mo ti ń rò ó pé bóyá eré ni mo ń sá lóòótọ́. Gbogbo wọn ò lè máa parọ́, kó wá jẹ́ èmi nìkan ni mo ń sọ òótọ́.”

“Eré kọ́,” ni Hezekiah wí. “Èmi ni. Mo fàmì sí bóòtù ẹsẹ̀ òsì, mi ò dè é.”



“Òsì?” ni Diméjì bi í.

“Òsì ni.”

“Àǹtí, ṣé mo sọ ọ́? Ṣé mi ò sọ ọ́?” Ó yíjú sí Hezekiah. “Ẹ pe Alhaji. Ẹ sọ ọ́ létí mi.”

Hezekiah pè é. Ó ní Diméjì kò jẹ̀bi, bóòtù tí òun kò dè ni. Jàbárù fèsì.

“Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan alùpùpù mi mọ́. Kí Diméjì pè mí lọ́la.”

Ó pa fóònù. Ìgbà yẹn ni inú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bí Diméjì.

“Ẹ fẹ́ pa mí! Èmi nìkan lọmọkùnrin tí ìyá mi bí! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fọwọ́ kan iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn? Kí ló ṣe yín?”

“Diméjì, ó tó,” ni Kíkẹ́olúwa wí. “O mọ̀ pé Bàbá ń ṣọ̀fọ̀.”

“Jẹ́ kó sọ ọ́,” ni Hezekiah wí.

Láti ọjọ́ ìsìnkú, ohùn jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé fi ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n ní kó mọ́kàn le. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ó la ẹnu láti dáhùn, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

“Beatrice kú,” ló wí fún wọn.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa tẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde.