Bẹ́ẹ̀dì Tó Wà Lójú Ọ̀nà

Kí ọmọ mi tó di máníjà ni mo ti ń pè é ní Máníjà. Láti kékeré ló ti ń pín iṣẹ́ ilé fún àwọn àbúrò rẹ̀, tirẹ̀ ló sì máa ń pọ̀ jù. Mo mọ ohun tí mo bí.

Lọ́jọ́ náà, tìbínú-tìbínú ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù tó ń bójú tó. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ wọn, mo ti gbé ògbólógbòó tèmi fún aládùúgbò, orí ẹní ni mo ń sùn, ẹ̀gbẹ́ ń ro mí. Mo ní kó jẹ́ kí tèmi ṣíwájú.

"Màámi, ọkọ̀ ló bàjẹ́. Èyí tẹ́ ẹ jókòó lé yìí gan-an ni tiyín, àmọ́ tí wọ́n bá ti tún ọkọ̀ ṣe, tàwọn tó ṣíwájú yín la máa kọ́kọ́ gbé."

Mo pòṣé. Ọmọ tí mo bí!

Fóònù dún, oníbàárà kan ló ń béèrè bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ wọn tó gbé e ní, "Ẹ má bínú, mà, kò tíì kúrò níbí."

Àfi bí ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣe wọlé. "Máníjà, kí ni mo ní kí wọ́n máa sọ? 'Ó ti wà lójú ọ̀nà!' Lé ọmọ yìí lónìí, tó o bá ṣì fẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù kejì sábẹ́ ẹ."

Ṣọ́ọ̀bù kejì yẹn, ta ni mi ò tíì sọ fún? Mo ń ṣẹ́jú sí ọmọ mi pé kó gbà.

Kò wojú mi. "Ọ̀gá, èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó pè yẹn gbàyè níbi iṣẹ́, ó jókòó sílé, ó ń retí wa. Tẹ́ ẹ bá máa lé ẹnì kan, èmi ni kẹ́ ẹ lé."

Ojú tì mí, orí mi sì wú.

Ọ̀gá rí i pé àwọn oníbàárà ń wo òun. Ó yíjú sí èmi tí kò mọ̀ rí, ó fẹyín sí mi: "Ẹ má bínú, mà. Bẹ́ẹ̀dì tiyín ti wà lójú ọ̀nà."

Mo nàka sí bébà orúkọ mi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. "Èyí tí mo fìdí lé yìí? A jẹ́ pé èmi náà ti ń lọ nìyẹn!"

Ẹ̀rín bẹ́. Ọ̀gá wọ yàrá rẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Kò lé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló gbé ṣọ́ọ̀bù kejì fún.

Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Wọ́n ní ẹni bíni là á jọ. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo jọ ọmọ mi. Nígbà tí mo délé, aládùúgbò dá mi dúró. "Ìyá Máníjà, bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

"Kò tíì kúrò níbẹ̀," mo dá a lóhùn, mo sì yan lọ sórí ẹní mi.