Kọ́bọ́ọ̀dù Há Sẹ́nu Ọ̀nà

Kòsíṣó kì í kan ìṣó. Ìdí tí gbogbo àdúgbò fi sọ ọ́ ní Kòsíṣó nìyẹn. Lójú tirẹ̀, káfíńtà tó bá ń kan ìṣó, ọ̀lẹ paraku ni. Ṣe ló máa ń gbẹ́ igi kó wọnú igi, á fi àtè sí i, ó parí: àfi kí ayé bàjẹ́ kó tó tú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kan kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ràgàjì kan fún ìyàwó rẹ̀, onídìrí, nínú yàrá gan-an tí wọ́n ń sùn. Ọjọ́ tó ń kàn án ni ìyàwó ti bi í pé, "Ọkọ mi, lọ́jọ́ tá a bá ń kó lọ ńkọ́? Ṣé ẹnu ọ̀nà yìí máa gbà á?"

"Ta ló ń kó lọ?" ni Kòsíṣó fi dá a lóhùn.

Àwọn náà ni. Òní ni.

Ayálégbé tuntun ti dé, nọ́ọ̀sì kan báyìí. Awakọ̀ tó kó ẹrù rẹ̀ wá ti da gbogbo rẹ̀ síwájú ilé, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, fóòmù tuntun sì wà níta láìsí ọ̀rá lára rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún bámúbámú fún ẹrù àwọn tó ń lọ.

Kòsíṣó wà nínú yàrá, ó ń ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyàwó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fà á. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n Kòsíṣó, wá bá wọn kó ẹrù, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan ló fi ń gbé e.

"Ẹ dà á sọ́tùn-ún! Ọ̀tún, mo ní! Kì í ṣe ọ̀tún tiyín, ọ̀tún tèmi!"

Kọ́bọ́ọ̀dù dà, orí rẹ̀ wọ abẹ́ àtẹ́rígbà, gbàgà! Ó há. Wọ́n fà á, kò wá. Wọ́n tì í, kò lọ. Ó dí ẹnu ọ̀nà pa bí ìdérí ìgò.

Ohùn kan wá ti ẹ̀yìn pákó jáde.

"Ìyàwó."

"Ẹ̀ẹ́n."

"Inú yàrá ni mo wà o."

"Mo mọ̀."

"Mi ò rọ́nà jáde."

Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, irin sì wà lójú rẹ̀. Kòsíṣó fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi irin síbẹ̀ nítorí olè. Olè ò wọlé lóòótọ́. Baálé ilé ni kò ríbi gbà jáde.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. "Fóòmù mi o!" ni nọ́ọ̀sì ń ké. "Ibo ni kí n gbé e sí báyìí?"

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ti ń gbé mì láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan kọ́bọ́ọ̀dù náà gòkè wá sí i lọ́fun: Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ? Ó mọ ọkọ rẹ̀. Bó bá fi lè sọ ọ́, ìjà ló máa kọ́kọ́ dé ilé tuntun kí àga tó débẹ̀. Síbẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣí kó lè jù ú bá a tààrà.

Ihò kékeré kan wà lára pákó ẹ̀yìn. Ojú kan wà nínú ihò náà. Ó ṣẹ́jú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Ọkọ ẹ."

"Irọ́ ni. Ojú méjì ni ọkọ tèmi ní."

Kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Ó rín in títí ó fi jókòó lé ìkòkò.

"O tiẹ̀ tún ń fi mí rẹ́rìn-ín!"

"Àbúrò mi, bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín," ni Àǹtí wí. "Àbí omijé lo fẹ́ ká fi ṣílẹ̀kùn fún ẹ?"

Ó ṣe díẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni Kòsíṣó ń rín lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyàwó sáré lọ mú ayùn, ó tì í bọ àárín irin fèrèsé. Kòsíṣó gbà á, ó kàn ń wò ó.

"Ìwọ ni mo kan kọ́bọ́ọ̀dù yìí fún o."

"Mo mọ̀. Ẹni tó kàn án ni mo fẹ́ kó lọ."

Ayùn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pákó ẹ̀yìn já, Kòsíṣó sì gba inú kọ́bọ́ọ̀dù yọ orí síta, gbogbo irun rẹ̀ funfun fún lẹ́búlẹ́bú igi. Nọ́ọ̀sì tó gbé fóòmù rù wò ó, ó wo ìyàwó.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá. Ọkùnrin ni."

Wọ́n la kọ́bọ́ọ̀dù sí méjì, ọ̀nà là. Etí fóòmù nìkan ni òjò ráyè pa.

Nílé tuntun, ìlàjì kan wà lápá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì, èkejì wà lápá òsì. Àlejò kan wò wọ́n, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ta nìyí.

Kòsíṣó wú ikọ́. "Mo dìídì kàn án ní méjì ni, kí ti ìyàwó má baà..."

Ọ̀rọ̀ yẹn tún gòkè wá sọ́fun ìyàwó. Ó gbé e mì. Ó kàn rọra fi ọwọ́ bo ojú kan, ó ń fi èkejì wo ọkọ rẹ̀.

Kòsíṣó ò lè parí ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀rín.