Igbá Ìgbọ́nmi

Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi ti lé Ruth kúrò nínú ilé ní Ganaja, ní Lokoja, kí ọkọ rẹ̀ tó sọ fún un pé erékùṣù ni àwọn ń kó lọ. Ó kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ẹni tí omi lé, kó tún wá lọ jókòó sáàárín omi! Ṣùgbọ́n Oyèníyì kì í ṣàwàdà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ilé tí wọ́n háyà ní Lokongoma ti sú u, oko ìrẹsì ló sì wà lọ́kàn rẹ̀. Jímọ̀, mẹ́sénjà tó máa ń gbé fáìlì fún un, ló sọ fún un nípa Kàtásá, erékùṣù kékeré kan láàárín odò Ọya, tí èèyàn lè máa wò lọ́ọ̀ọ́kán láti ibi tí wọ́n ń kọ́ èbúté sí. Ọmọ Òwòrò ni Jímọ̀. Kàtásá ló ń dáko sí, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ àti Màrdíyà ìyàwó rẹ̀ ń gbé.

Ohun kan ṣoṣo ni Ruth ń fẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Olúwaṣèyítán, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Port Harcourt, ọjọ́ Àìkú nìkan ló sì máa ń pè lórí fóònù. Ruth fẹ́ ibi tí òun kò ní kó kúrò mọ́ láéláé, láàárín àwọn èèyàn tí yóò wá wo òun bí wọn kò bá rí i kí ilẹ̀kùn òun ṣí láàárọ̀. Bóyá àárín omi ni, bóyá orí igi ni, kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi Jímọ̀. Ọkọ̀ onígi ni, ó ti gbó, omi ń yọ wọlé láti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Igbá kan léfòó wá síbi ẹsẹ̀ Ruth, ló bá mú un, ó fẹ́ máa fi gbọ́n omi náà dànù. Màrdíyà na ọwọ́, ó gbà á.

"Ẹ fi sílẹ̀, mà. Àlejò lẹ ṣì jẹ́."

Jímọ̀ tó ń tukọ̀ lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ó ní àṣà àwọn ni, pé àlejò á jókòó jẹ́jẹ́, á kọ́wọ́ lé itan. "Ẹ má ṣèyọnu, mà. Tẹ́ ẹ bá ti di ará ilé, ẹ ó gbọ́n ọn títí apá á fi máa ro yín." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Oyèníyì tó ń wo òkè.

Ìyá Jímọ̀ ti ń retí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ògiri yàrá kan, wọ́n tẹ́ ẹní síbẹ̀, wọ́n gbé àmù omi sí kọ̀rọ̀. Màmá ṣàlàyé fún wọn pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Kàtásá nìyẹn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á gbé lọ́dọ̀ onílé rẹ̀ títí omi oṣù kẹwàá á fi wá, tí á sì fi lọ. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló tó lè mọ ibi tó yẹ kí òun kọ́lé sí. Ruth dúpẹ́ tọkàntọkàn. Ara rẹ̀ ti balẹ̀ sínú yàrá náà kó tó bọ́ bàtà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Oyèníyì fajú ro. "Èmi? Kí èmi máa sùn nínú yàrá mẹ́sénjà mi, títí di oṣù kẹwàá?"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó mú àdá àti téèpù ìwọnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri erékùṣù. Ẹni tó bá ti gbé Ganaja rí, ibi tí omi dé lára ògiri ló kọ́kọ́ máa ń béèrè kó tó gba ilé. Oyèníyì wo gbogbo ògiri tó wà nílẹ̀, ó rí ilà omi lára wọn, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló rí òkè tó wà láàárín gbùngbùn erékùṣù náà, òun àti igi mángòrò mẹ́ta. Kò sí ilé kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ó sáré padà wá pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá wo nǹkan, pé ibi tó dára jù làwọn èèyàn wọ̀nyí fi sílẹ̀ fún ewúrẹ́.

"Ọ̀gá, ibẹ̀ kọ́," ni Jímọ̀ wí. "Ibẹ̀ la máa ń sá sí tómi bá dé. Gbogbo wa la ni ín."

"Gbogbo yín? Orúkọ ta ló wà nínú ìwé?"

"Kò sí ìwé, sà."

"Ṣé o rí i báyìí? Kò sí ìwé, kò sí ẹni tó ni ín."

Ẹ má tíì bú u. Ọ̀rọ̀ tó fi jẹun fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Fún ẹni bíi tirẹ̀, ilẹ̀ tí kò bá ti sí nínú fáìlì, Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá a ni.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà. Ruth bẹ ọkọ rẹ̀, kò gbọ́. Nígbà tí Oyèníyì rí i pé kò sí ẹni tó máa bá òun gbé búlọ́ọ̀kù sọdá odò bí àwọn ará erékùṣù bá kọ̀, ló bá lọ dúró níwájú ìyá Jímọ̀, ó ṣe ìlérí. "Ẹnu mi nìyí, Màmá. Lọ́jọ́ tómi bá dé, géètì mi á ṣí sílẹ̀ fún gbogbo yín. Abẹ́ páànù lẹ ó tiẹ̀ wà. Òjò ò ní pa yín bíi ti tẹ́lẹ̀."

Màmá kò wò ó. Ruth ló wò. "Ìyá Ṣèyí, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn. Àwọn fúnra wọn ló fi ọkọ̀ kó búlọ́ọ̀kù àti páànù, wọ́n rù ú gun òkè. Oyèníyì pe àwọn tó ń wọn ilẹ̀ láti Lokoja, wọ́n ri òkúta ààlà mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwé jáde. Kó tó di oṣù kẹfà, ilé ti dúró, ògiri ti yí i ká, mángòrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ọgbà.

Ruth kò ráyè wo ògiri náà dáadáa, nítorí ayọ̀ kò jẹ́ kó ríran. Lọ́jọ́ ọjà kan nínú oṣù kẹfà yẹn, tí wọ́n ń gbé ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gúsí lọ sí Lokoja, Màrdíyà ju igbá ìgbọ́nmi sí i lẹ́sẹ̀. "Màmá Ṣèyí, ẹ gbà mí o. Apá ti ń ro mí." Ruth gbọ́n omi láti àárín odò títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹ̀rín kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó pe Ṣèyí láìjẹ́ ọjọ́ Àìkú láti sọ fún un. Ọmọ náà ní kí ló dùn nínú kéèyàn máa gbọ́n omi. Ruth ní kò lè yé e.

Oṣù kẹwàá dé. Rédíò ti ń kìlọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni omi wọ ilé ìdáná Jímọ̀. Agbo ilé méjìlá ló kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn àti ẹní, ìkòkò, ewúrẹ́, ọmọ wẹ́wẹ́, wọ́n forí lé òkè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ayébáyé. Jímọ̀ ló ṣíwájú, ó pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn.

Wọ́n bá géètì ní títì.

Oyèníyì gbé tábìlì síbi géètì náà, lábẹ́ agbòjò. Ó jókòó tì í, òun àti bébà àti páàdì ìtẹ̀ka. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì àtijọ́ ló pè é pé kó ṣọ́ra, pé ẹni tó bá gbà sórí ilẹ̀ rẹ̀ lónìí lè wá sọ lọ́la pé òun náà ní ìpín níbẹ̀. Ó ti fi òwúrọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan náà sórí bébà méjìlá, pé ilẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì ni èmi lágbájá wá sá sí, pé àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀, pé n kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí i. Baálé ilé kọ̀ọ̀kan á tẹ̀ka sí tirẹ̀, wọn á sì wọlé.

"Bàbá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún wọn ná," ni Ruth wí. "Ẹnu yín lẹ fi ṣèlérí."

"Ṣé mo ní mi ò ní í ṣí i ni? Ìka lásán ni. Kò gba ìṣẹ́jú kan." Ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Jímọ̀ gba bébà kan láàárín irin géètì, ó kà á jáde fún àwọn yòókù ní èdè Òwòrò. Lẹ́yìn náà ni apẹja kan láti ilẹ̀ Nupe béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Na we come be stranger?"

Jímọ̀ dá bébà náà padà. "Ọ̀gá, ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ìwé yín. Èyí, mi ò lè gbé e." Ó gbọn ìyá rẹ̀ sókè dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, ó yíjú padà sí ìsàlẹ̀.

Màmá yí orí sẹ́yìn. "Ìyá Ṣèyí, ẹ ní ẹ gbọ́."

Ruth di irin géètì mú. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọkọ rẹ̀. Òkúta wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tó tóbi tó láti fọ́ àgádágodo, ó sì rí i. Ó rí i, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó dúró síbẹ̀ ó ń wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀.

Gbogbo wọn ló dé Lokoja láàyè, nínú òjò yẹn, nínú ọkọ̀ tó kún ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n kó wọn sí. Òtútù mú ìyá Jímọ̀ níbẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú, Lokoja náà ni wọ́n sin ín sí. Ẹnu apẹja kan tó ń kọjá lọ ni Ruth ti gbọ́.

Ọjọ́ méjìdínlógún ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi dá wà ní Kàtásá, lábẹ́ páànù, nínú ilé gbígbẹ. Àràárọ̀ ni Oyèníyì ń jáde lọ wo ibi tí omi dé. "Kò tiẹ̀ dé ìdajì òkè," á wí fún un. "Mo sọ fún ọ pé mo mọ ibi tí mò ń yàn."

Omi fà. Àwọn èèyàn padà wá, wọ́n rẹ́ ògiri wọn. Wọn kò bú Ruth, wọn kò sì bá a jà. Tẹ́lẹ̀, "Òkun o" ni wọ́n fi ń kí i, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Ní báyìí, "Ẹ káàárọ̀, mà" ni, bí èèyàn ṣe ń kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá wá gba owó orí.

Nígbà tọ́jọ́ ọjà tún pé, ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀. Jímọ̀ na ọwọ́ fún un kó lè wọlé, Màrdíyà tẹ́ àpò sórí igi fún un láti jókòó.

"Mo gbọ́ nípa Màmá," ni Ruth wí. "Ọlọ́run á forí jìn wọ́n."

"Àmín, mà," ni Jímọ̀ wí.

Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, omi ti ń yọ wọlé. Igbá náà léfòó wá síbi ẹsẹ̀ Ruth. Ó mú un, ó kọjú sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi. Màrdíyà na ọwọ́, ó rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, mà. Àlejò lẹ jẹ́."

Ruth kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. Màrdíyà ń gbọ́n omi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Lokoja.