Ẹja Tó Lo Awò Ìyàwó Mi

Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ kí ó tó pòórá lọ́kàn mi. Mo jókòó sétí odò olómi tútù kan, mò ń fi òwú so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ìwọ̀ kí ó lè jọ eṣinṣin, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nígbà tí mo ń kàwé nílẹ̀ òkèèrè. Ìyàwó mi tó ti kú jókòó sí òdìkejì. Ó ní bí tíráòtù, ẹja tí kì í jẹ ìjẹkújẹ, bá lè gbé e mì, òun á bá mi lọ sílé.

Ẹja kan yọ. Awò ìyàwó mi ló wà lójú rẹ̀. Ó yẹ eṣinṣin náà wò, ó fi lẹbẹ nu awò, ó tún un wò, ó sì padà sísàlẹ̀.

“Bàbá Dàpọ̀,” ni ìyàwó mi wí, “ṣé eṣinṣin nìyẹn àbí odindi adìyẹ? Ẹ dín in kù o!”

Mo dín in kù títí òwú fi nípọn jù. Mo bá yọ fọ́nrán irun rẹ̀ kan lára òòyà tó wà lápò mi, mo fi so ó. Ẹja náà padà wá. Ìyàwó mi dìde, ó ń gbọn koríko kúrò lára ìró rẹ̀. Ẹja náà lanu, mo sì jí.