Ọwọ́ Tí Kò Nà Sókè

Kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí àwọn òbí nawọ́ sókè, ọwọ́ tèmi wà lẹ́nu mi. Kì í ṣe àfiwé o. Eyín òkè tí mo fowó rà ló já bọ́, mo ká gúlútú sábẹ́ tábìlì, mo ń tì í padà bí ẹni ń ti ìlẹ̀kùn tó há. Nígbà tí mo máa fi gbórí sókè, wọ́n ti ka ọwọ́ tán.

Ọmọ mi obìnrin ló rán mi lọ sípàdé náà. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì fún un láyè lọ́jọ́ yẹn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé bàbá Pẹ́pẹ́yẹ ò gbọdọ̀ kó ikọ́. Ẹ sọ ọ́ kó yé wọn, kẹ́ ẹ sì nawọ́ yín sókè. Ẹ má lọ ṣe yẹ̀yẹ́ o!"

"Èmi? Yẹ̀yẹ́ báwo?"

"Màámi, mo mọ̀ yín."

Pẹ́pẹ́yẹ ni ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje. Ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá rẹ̀ ń tún aago ṣe. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ló bàjẹ́, ọmọ mi sì yọ ọ̀kan nínú tirẹ̀ fún un. Kí ara rẹ̀ má baà kọ kíndìnrín àlejò yìí, ó ń lo oògùn tó sọ ara náà di ilé tí kò nílẹ̀kùn: àìsàn tó bá wù ú lè wọlé, kó jókòó, kó nasẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé ikọ́ tó máa ṣe ẹlòmíì fún ọjọ́ mẹ́ta lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń jà, ọkàn wa balẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ, torí gbogbo ayé ló ń bomú. Èmi tí mo jẹ́ télọ̀ ni mo rán ìbòmú fún kíláàsì Pẹ́pẹ́yẹ, ọmọ méjìlélógún, aṣọ búlúù kan náà ni mo gé fún gbogbo wọn. Ìgbà tí òfin wá dẹ̀, wọ́n ní kí iléèwé kọ̀ọ̀kan ṣe bó ṣe wù ú. Ọ̀gá iléèwé tiwa ò fẹ́ kí ẹjọ́ náà já lé òun lórí, ó ní kí òbí kíláàsì kọ̀ọ̀kan nawọ́, ọwọ́ kan fún ọmọ kan. Bó bá dọ́gba, ìbòmú ò ní kúrò títí táàmù á fi parí.

Orí àga àwọn ọmọdé ni wọ́n fi wá sí, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìyá kan tó ń ta oògùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Òfin ló dẹ̀, àrùn ò tíì lọ."

Káfíńtà kan fò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta oògùn, ṣé ẹ máa fẹ́ kó lọ ni?"

"Káfíńtà, ṣọ́ ẹnu ẹ o! Ṣé mo bú ẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Màdáámù. Ọmọbìnrin mi ò gbọ́rọ̀ dáadáa, ètè èèyàn ló máa ń wò kí ọ̀rọ̀ tó yé e. Ọjọ́ tí gbogbo yín ti bo ètè yín ló ti dákẹ́. Á kàn jókòó gẹlẹtẹ. Àná ló bi mí pé ṣé òun ti ya òmùgọ̀ ni."

"Ó dùn mí. Kí tíṣà ṣí tiẹ̀ nígbà náà, kí àwọn ọmọ bo tiwọn."

"Ṣé tíṣà ló máa bá a ṣeré? Kò gbọdọ̀ lọ́rẹ̀ẹ́ ni?"

Ariwo sọ. Ọ̀gá iléèwé gbá tábìlì. "Màmá tó rán ìbòmú wà níbí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn."

Mo dìde, àga bá mi dìde, ó há mọ́ mi nídìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo fa ìbòmú wálẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ mi, eyín bá a wálẹ̀, ó jókòó sínú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gun orí mi bí ọtí. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti rẹ́rìn-ín nílé wa. Dípò iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mo kó eyín sẹ́nu, ohun tí mo sọ ni pé:

"Ẹ rí i? Ìbòmú yìí fẹ́ yà mí ní wèrè! Lóṣù tó kọjá, mo wá mú Pẹ́pẹ́yẹ níbí. Èémí ti bo jígí ojú mi, búlúù ni gbogbo wọn wọ̀. Mo fa ọmọ kan lọ́wọ́, mo ń bá a wí lọ títí a fi délé. Ìgbà tó yọ ìbòmú kó lè jẹun, tó rẹ́rìn-ín sí mi, ni mo rí i pé eyín pé lẹ́nu ẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tiwa ò léyín iwájú, èmi ló jọ!"

"Ọmọ mi nìyẹn!" Káfíńtà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín. "Kò gbọ́ ohun tí màmá ń sọ, ló bá ń tẹ̀ lé wọn." Lójijì, ojú rẹ̀ yí padà. "Ká ní ẹlòmíì ló fà á lọ́wọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rín dá. Mo rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Mo fẹ́ sọ pé, "Ẹ dúró, n ò tíì sọ tèmi," ṣùgbọ́n bí mo ṣe la ẹnu, eyín fò jáde, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì, èmi náà tẹ̀ lé e.

Mọ́kànlá ní kí ìbòmú kúrò, mẹ́wàá ní kó dúró.

"Wọ́n borí wa," ni mo wí fún ọmọ mi.

"Ẹ ṣáà sọ fún wọn?"

"Mo sọ ọ́ débi tẹ́nu mi mọ."

Pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló kù tó ń bomú. Wọ́n ń pè é ní Dókítà Ẹlẹ́nu Búlúù. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ń kó ìbòmú tó wọ̀ dé sínú omi, mo rí i pé ìlà tí mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ sí i láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ gan-an-ran. Télọ̀ ni mí. Aṣọ tí ẹnu bá wà lẹ́yìn rẹ̀ látàárọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Inú báàgì ló ń gbé e sí, ẹnu ọ̀nà wa ló ti ń wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló sọ fún mi pé òun ti ní ọ̀rẹ́, ọmọ Káfíńtà. Ó ń fò sókè bó ṣe ń sọ ọ́. Mo fọ ìbòmú náà, mo sá a, n kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹfà sí ìgbà yẹn ni Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án, ara bàbá rẹ̀ gbóná. Ọjọ́ kọkànlá, aṣọ ibùsùn ọkọ ọmọ mi wà lára èyí tí ọmọ mi ń fọ̀ ní ọsibítù.

Ọ̀nà iṣẹ́ ni Káfíńtà ti pàdé ọmọ mi. Inú ọkùnrin náà ń dùn. Ọmọ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ padà. Ó ní kó bá òun kí màmá aláwàdà yẹn, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan eyín abẹ́ tábìlì. Nígbà tí ọmọ mi délé, kò pariwo lé mi lórí. Ó ní kí n lọ jókòó ti ọkọ òun lọ́jọ́ kejì, torí òun ò ráyè.

Mo lọ. Nọ́ọ̀sì fún mi ní ìbòmú méjì, mo wọ méjèèjì. Ọkọ ọmọ mi ti rù, rọ́bà wà nímú rẹ̀, ọwọ́ tó máa ń mú ẹ̀yà inú aago tó kéré ju èèrà lọ ò lè di etí aṣọ ìbora mú. Wọ́n ti ní kíndìnrín náà ti ń rẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó juwọ́ sí mi pé kí n sinmi.

"Màámi," ó ní. Ó mí, ó tún mí. "Wọ́n sọ fún mi pé ẹ pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bá mi sọ ọ́, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún wọn."