Àpò Inú Ìbàdí

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Gbogbo àdúgbò ló mọ ejò tó bu Ọlọ́wọ́ Òsì, télọ̀ wa, jẹ. Láyé àwọn ológun, wọ́n tì í mọ́lé fún ọdún méjì láìfojú kan ilé ẹjọ́, wọ́n ní òun ló rán àsíá fáwọn tó ń ṣèwọ́de. Nígbà tó fi máa dé, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wọ́. Ó jókòó bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ó fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń di àlùmọ́gàjí mú.

Láti ìgbà náà, òun ní ń gé aṣọ, Ìyá Aránṣọ, ìyàwó rẹ̀, ní ń rán an. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ aṣọ ará ilé, ọkọ á kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ rán àpò kékeré kan sínú ìbàdí, níbi tí ojú ò tó. Inú irú àpò bẹ́ẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ kan pamọ́ sí lẹ́wọ̀n. Abẹ́rẹ́ yẹn ló fi ń tún aṣọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, òun náà ni kò jẹ́ kí orí rẹ̀ dàrú. Ìyá Aránṣọ kórìíra àpò náà bí nǹkan míì. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti yíjú, á fi abẹ tú u. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ wọn gan-an, ó tú tiẹ̀.

"Ṣé aásà ni ìyàwó tuntun fẹ́ kó síbẹ̀ ni?" Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ará ìlú òdìkejì ibodè ni ọmọ náà fẹ́. Nígbà tí ọkọ yẹn kú, ọmọ wọn mú ọmọbìnrin tó bí fún un padà wálé. Aláròyé ni gbogbo ilé ń pe ọmọ yìí, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òfin ní ọmọ ìlú bàbá rẹ̀ ni, nítorí náà ilé ìwé girama ìjọba ò gbà á. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ láìfi bò: bí nǹkan ò bá yí padà, òun á mú un lọ bá àwọn ará ilé ọkọ òun.

Ni ìjọba bá gbé ìwé òfin tuntun jáde, wọ́n ní kí ará ìlú dìbò sí i. Abala kan níbẹ̀ ní ẹni tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ìlú, ọmọ onílẹ̀ lòun náà. Abala mìíràn ní ọlọ́pàá lè ti èèyàn mọ́lé títí tó bá wù wọ́n, nítorí ààbò ìlú, láìgbé e délé ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́. Odindi ni wọ́n ń tà á, wọn ò gé e tà. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, èwo lẹ máa mú?

"Bàbá wa, ẹ tẹ̀ka sí Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Aránṣọ wí nídìí máṣíìnì. "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bèbèrè ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì."

"Tó bá jẹ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀hún ńkọ́?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí Aláròyé lọ ni?"

"Mi ò fẹ́ kó lọ. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ."

"Ta ló fẹ́ gbé ọmọ ọdún mọ́kànlá?"

"Kò ní í jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá títí láé."

Inú bí obìnrin náà débi pé òwú já mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n jọ lọ dìbò, wọ́n jọ fi ìka dúdú padà wálé. Ọkọ ní Bẹ́ẹ̀ kọ́ lòun tẹ̀. Ìyàwó ní Bẹ́ẹ̀ ni lòun tẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún ẹnì kejì, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà kàn korò lẹ́nu wọn ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ló borí. Wọ́n gba Aláròyé síléèwé, ó sì jó yí ṣọ́ọ̀bù ká títí ó fi da ike bọ́tìnnì nù. Bàbá àgbà rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì mú aṣọ yúnífọ́ọ̀mù, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

Kó tó gé e tán ni ọlọ́pàá wá gbé ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìyàwó ọkùnrin náà sáré kiri àgọ́ ọlọ́pàá títí, kò rẹ́ni dá a lóhùn. Wọ́n ní abala òfin wà fún un. Ojú Ìyá Aránṣọ ló ṣe nígbà tí wọ́n gbé e, bàtà ẹsẹ̀ kan ọkùnrin náà ṣì wà lẹ́bàá gọ́tà.

Ọlọ́wọ́ Òsì kó aṣọ tó gé sílẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ṣí ibi ìbàdí wò, kò rí nǹkan kan.

"Àpò ńkọ́?"

"Mi ò rán an. Mo ti dìbò lòdì sí yúnífọ́ọ̀mù yìí, kò yẹ kí ẹ̀rù tó ń bà mí tún bá ọmọ wọ kíláàsì. Ìwọ lo jàre, ìyá wa. Kó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Ohun tó ti ń bẹ̀ ẹ́ sí láti ọdún gbọọrọ nìyẹn. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó wo òde, ibi tí tábìlì ìwé ìròyìn máa ń wà ti di òfìfo. Ó wá àjákù aṣọ kan lábẹ́ máṣíìnì, ó ṣẹ́ etí rẹ̀, ó gbé e lé ìbàdí yúnífọ́ọ̀mù náà.

"Bàbá wa," ló wí láìgbójú sókè, "báwo lẹ ṣe máa ń rán an tí kì í hàn síta?"

Ọkọ rẹ̀ fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn án.