Ẹ́ńjìnnì Odling àti Ẹnu Leggott

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Desmond Odling ti bá Ray Leggott sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kò sì sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ẹ́ńjìnnì tó rò pé ọdún kejìlá máa yàtọ̀.

Ẹ̀rọ agékoríko ló dá ìjà sílẹ̀. Odling tún ọ̀kan ṣe, ńlá, onísílíńdà méjì, irú èyí tí àwọn olówó fi ń gé pápá wọn kí ogun Hítílà tó dé. Ó kùn ún, ó gbé e lọ síbi àfihàn ẹgbẹ́. Bí àwọn adájọ́ ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, Leggott dúró, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́tí, ó ní, "Ó ń tiro. Sílíńdà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀." Àwọn adájọ́ náà bá tẹ́tí. Ẹ̀rọ ìfami ìyàwó àlùfáà ló gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún yẹn.

Odling gbé ẹ̀rọ náà délé, ó fi tápólì bò ó, ó sì fi okùn dì í. Kò tan án mọ́. Kò sì wò ó bóyá lóòótọ́ ló ń tiro. Ó ní òun ò ní torí ẹnu Leggott tú ohun tí òun ti dì.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló rí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ḿbù ra. Àgbẹ̀ kan létí òkun ló ní in, ó fi ń ti ilẹ̀kùn abà kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i. Sílíńdà mẹ́rìnlá, wọ́n tò yí ara wọn ká bí ewé òdòdó, gbogbo rẹ̀ ló ti dógùn-ún. Ọdún mẹ́sàn-án ni Odling fi tú u, tó fi fọ̀ ọ́, tó fi tò ó padà. Glenys ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ béèrè mọ́ ìgbà tí ọkọ̀ òun máa padà wọ inú gáréèjì. Níkẹyìn ó dè é mọ́ orí tírélà kan, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí i níwájú, ewé mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju Odling fúnra rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Keje ni wọ́n máa tan án, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ tí ẹgbẹ́ ti ń ṣe àfihàn. Ọjọ́ náà ló sì kẹ́yìn fún pápá náà, nítorí ẹni tó ni ilẹ̀ ti fi fún àwọn tó ń gba iná lára oòrùn. Káńsù ní kí ariwo parí ní aago mẹ́rin.

Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń yí kọ́kọ́rọ́ fún. Ọ́ìlì máa ń jò sínú àwọn sílíńdà tó dorí kọ ilẹ̀. Tí wọ́n bá tan án bẹ́ẹ̀, písítìnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sílíńdà, á lọ gbá ọ́ìlì, ọ́ìlì kì í ṣe é fún pọ̀, irin ló máa tẹ̀. Nítorí náà wọ́n máa ń fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ náà ṣáájú, ìgbà mẹ́rìnlá, ẹnì kan á fa ewé kan lẹ́ẹ̀kan, onítọ̀hún á sì pe iye rẹ̀ sókè kí kíkà má baà ṣì. Òfin ẹgbẹ́ ní èèyàn mẹ́ta ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe nìkan.

Odling ti ní ara rẹ̀, ó ní Gareth tó fẹ́ ọmọ alága. Ẹnì kẹta ni Bernard, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Bernard yọ níbi tó ti ń gbé ìkòkò tíì. Enid Maltby, alága, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Leggott ló kù," ó ní.

"Mi ò fẹ́ ẹ."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá o fẹ́ ẹ, Desmond. Èèyàn mẹ́ta ni. Àbí kí n kọ ọ́ síbí pé tìẹ ò dún lónìí?"

Odling wo aago. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù. "Ẹ sọ fún un kó nu ọwọ́ ẹ̀. Sọ́séèjì ló ń jẹ."

Leggott ò jìnnà sí wọn tó ìgbésẹ̀ méjì. "Enid, ẹ sọ fún un pé mo ti nù ún."

"Ó ní òun ti nù ún," ni Enid wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Odling fà, ó ní, "Ení." Leggott ní, "Èjì." Gareth ní, "Ẹ̀ta." Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti ṣe tirẹ̀ á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkeje bọ́ sọ́wọ́ Odling. Ó rò pé ó wúwo díẹ̀. Ó kà á sí ọjọ́ orí.

Leggott di ìkẹjọ mú, ó fà á díẹ̀, ó sì fi sílẹ̀.

"Ó ti há," ó ní. Kò sí ẹni tó kọjú sí. "Ọ́ìlì ti wà níbẹ̀."

Àwọn èèyàn bí àádọ́ta ló dúró lẹ́yìn okùn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Tì í, Des! Leggott ló ti darúgbó!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ká yí i padà sẹ́yìn ni?" Gareth béèrè.

"Rárá," ni Odling wí.

"Rárá," ni Leggott wí lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá yí i sẹ́yìn, ọ́ìlì náà á kàn gba inú páìpù lọ sá pamọ́ ni, á sì padà wá pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹnikẹ́ni ò retí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Kò sí èyí tí inú rẹ̀ dùn sí i nínú wọn.

Odling lọ fi èjìká ti ewé náà. Tó bá lọ, Leggott di òpùrọ́ títí ayé, ẹ̀rọ agékoríko sì gba àre. Tí irin bá tẹ̀, kò sí òmíràn rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà, ọdún mẹ́sàn-án lọ nìyẹn. Tó bá sì ní kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì abẹ́ sílíńdà kí ọ́ìlì lè dà jáde, aago mẹ́rin lè lù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wà nínú sílíńdà, ó máa ń ti èèyàn padà, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé tìmùtìmù. Èyí ò tì í padà. Ògiri ni.

Ó gbé èjìká kúrò.

"Sípánà," ó ní.

Leggott ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ tírélà, ó na ọwọ́ síta. Odling fi sípánà sí i lọ́wọ́, ó ń wo ibòmíràn. Púlọ́ọ̀gì náà ò tètè bọ́. Nígbà tó bọ́, Odling já ife gbà lọ́wọ́ Enid, ó gbé e sábẹ́ ihò náà. Ọ́ìlì dà, ó kún ife, ó ṣàn lé e lọ́wọ́, kò tíì tán.

"Tíì mi ṣì wà nínú ẹ̀," ni Enid wí.

Wọ́n yí i kí ìyókù dà jáde, wọ́n dí ihò náà padà, wọ́n sì tún kíkà bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago mẹ́rin lù nígbà tí Leggott pe, "Ẹ̀rìnlá." Odling tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó tu èéfín búlúù, ó tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè. Kọnkéré gbọ̀n lábẹ́ bàtà. Fìlà méjì fò lọ sínú oko. Àgọ́ tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì eléso dìde nílẹ̀, ó sì jókòó síbòmíràn. Obìnrin kan ń sunkún, kò sì nu omijé rẹ̀. Odling dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó pa á.

"Enid," ni Leggott wí, "ẹ sọ fún un pé mẹ́rìnlá ló ń ṣiṣẹ́. Mo kà wọ́n."

"Ẹ sọ fún un pé mo mọ̀."

Ní aago mẹ́fà, oòrùn ṣì wà lókè. Odling lọ sẹ́yìn ilé, ó fọ̀bẹ gé okùn, ó ká tápólì. Ó da epo tuntun sínú ẹ̀rọ agékoríko, ó fà á títí apá fi ń ro ó. Nígbà tó dá a lóhùn, Odling dúró, ó tẹ́tí. Ó wá fi ọwọ́ kan páìpù èéfín sílíńdà ọ̀tún. Ó gbóná. Ó fi ọwọ́ kan ti òsì. Ó tutù. Ó fi ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́.

Ó pa ẹ̀rọ náà, ó jókòó lé korobá. Ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ni Leggott ṣẹ̀ ẹ́, ó ṣòro fún un láti dárí jì í. Wàyí o, ó ti di méjì: òótọ́ ló sọ.

Glenys yọjú lójú fèrèsé. "Ṣé ó dáa?"

"Pe Enid fún mi," ni Odling wí. "Ní kó bi ọkùnrin yẹn bóyá ó ní púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ agékoríko àtijọ́. Ẹyọ kan."

"Kí n sọ pé ta ló fẹ́ ẹ?"

Odling rò ó.

"Má sọ," ó ní. "Ó máa mọ̀."